Gólóbà, Atukọ̀ Ogun Tó Gbé Àpá Ojú Wá sí Ọ̀sà Èkó

Bí èèyàn bá dúró sí èbúté Ìjẹ̀dẹ́ láàárọ̀, tó kọjú sí ọ̀sà, tó ń retí ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé e sọdá sí Badore, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni omi ti ń lọ sí Ìkòròdú àti Èkó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin wà, omi náà sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́. Àwa ọmọ apá ibí kì í ro nǹkan púpọ̀ nípa omi yẹn ju pé kí ọkọ̀ tètè kún, kí a má pẹ́ dé kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ ogun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Handy ń lo omi yìí láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, èéfín ń rú lórí rẹ̀, àgbá sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó wà nínú ọkọ̀ náà ní àpá ọta ìbọn lójú. John Hawley Glover ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn kò bá ahọ́n àwọn ará Èkó mu, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Gólóbà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọba kún un.

Gbogbo wa la mọ orúkọ náà láìmọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti gba Glover Road kọjá ní Ìkòyí, tàbí Glover Street ní Èbúté-Mẹ́ta, tàbí tó ti lọ wo eré ní gbọ̀ngàn Glover ní Erékùṣù Èkó, ti pe orúkọ ọkùnrin yìí láìmọye ìgbà. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé bí a bá bi ọmọ Ìkòròdú mẹ́wàá pé kí ni Glover ṣe ní ìlú wọn ní oṣù Kẹta ọdún 1865, bóyá ni a máa rí méjì tó lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkòròdú lọ́jọ́ yẹn ló ba àárín Èkó àti Abẹ́òkúta jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì wà nídìí bí Èbúté-Mẹ́ta ṣe di ìlú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde.

Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1829 ni wọ́n bí i, ní Yateley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà ìjọ ni bàbá rẹ̀. Ọdún 1841 ló wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ọmọ ọdún méjìlá péré. Kí ẹnikẹ́ni má yà á lẹ́nu: bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn. Ọmọdé á wọ inú ọkọ̀, á máa kọ́ ìwé, ìṣirò, ìràwọ̀ àti ìwọ̀n omi lọ́wọ́ àwọn àgbà atukọ̀, títí tó fi máa yege nínú ìdánwò tí wọ́n á fi sọ ọ́ di ọ̀gá. Glover mọ iṣẹ́ ìwọ̀n omi àti àwòrán ilẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ yẹn ló sì gbé e rìn jìnnà ju ìbọn lọ nígbà èwe rẹ̀.

Ogun Burma ló fi àpá sí i lójú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá ọba Burma jà lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1852 sí 1853. Ní oṣù Kejì ọdún 1853, wọ́n rán ẹgbẹ́ ológun kan wọ inú igbó lẹ́bàá Donabew láti lọ mú olórí kan tí wọ́n ń pè ní Myat Tun. Kápútéènì Granville Loch ló ṣáájú wọn. Ojú ọ̀nà igbó yẹn há, àwọn ọ̀tá sì ti lúgọ sí òdìkejì odò kékeré kan. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe débẹ̀ ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wọn lórí. Loch fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, ọgbẹ́ náà ló sì pa á. Ọta kan wọlé sí Glover lábẹ́ ojú, ó gba etí jáde. Ọjọ́ 4 oṣù náà ni, ó ku ogúnjọ́ kó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn tó kù sá padà, wọ́n gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ gba inú oòrùn àti òùngbẹ kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí irú ọta bẹ́ẹ̀ bà ni kì í rí ọjọ́ kejì. Òun là á já.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó lè padà sílé kó máa jẹun nínú owó tí ìjọba ń fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun.  Glover kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ náà ló sì gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Ọdún 1857 ni Dókítà William Balfour Baikie kó ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Dayspring wọ Odò Ọya. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò náà, òun ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ sí Onitsha nínú rẹ̀. Iṣẹ́ Glover ni láti wọn odò kó sì ya àwòrán rẹ̀. Wọ́n gun odò lọ dé apá Jẹ́bà. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, ọkọ̀ forí sọ àpáta, ó sì fọ́. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n pàgọ́ sétí odò, wọ́n ń retí ọkọ̀ mìíràn tí kò dé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oúnjẹ ń tán lọ, oògùn ń tán lọ.

Glover ló gbéra. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Jẹ́bà, ó gba Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, títí tó fi dé Èkó, ó sì tún kó ẹrù gba ọ̀nà yẹn padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ìrìn yìí ló sọ ọ́ di ohun tó dà lẹ́yìn náà. Àwọn òyìnbó Èkó ìgbà náà, etíkun ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ń gba epo pupa lọ́wọ́ alágbàtà, wọn kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Glover fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń gba owó ibodè, ó mọ ìlú tó ń bá ìlú jà, ó mọ bí ebi ṣe máa ń pa ìlú tí wọ́n bá ti ọ̀nà mọ́.

Nínú ìrìn yẹn náà ló ti kọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn Haúsá. Ilẹ̀ Yorùbá kún fún ẹrú Haúsá nígbà náà, àwọn tí ogun àti ọjà ti gbé wá láti òkè Ọya. Àwọn Haúsá bá a rù ẹrù, wọ́n bá a rìn, àwọn kan nínú wọn sì rí i pé ẹni tó bá tẹ̀ lé òyìnbó yìí dé Èkó lè má padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ mọ́. Àwọn olówó ẹrú náà rí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní kúrò nínú ìtàn Glover títí dé òpin.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Wọ́n ní kí ọba máa gba 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún gẹ́gẹ́ bí owó ìfẹ̀yìntì. Ní ọdún kejì, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́, tí wọ́n ti fi àgbá lé kúrò ní Èkó ní 1851, tó sì ti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, padà wá sílé. Wọ́n fún òun náà ní owó tirẹ̀, £400 lọ́dún. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ọba Èkó méjì wà nínú ìwé náà.

Kòsọ́kọ́ padà wálé, ṣùgbọ́n Pòsú, olórí ogun rẹ̀, kò tẹ̀ lé e. Ó dúró sí Ẹ̀pẹ́, kò sì gbà pé àṣẹ Èkó dé ibẹ̀. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ọdún 1863, ọkọ̀ ogun àti sójà gba ọ̀sà yìí lọ bá a. Glover wà lára wọn. Wọn kò ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ jà. Nígbà tí wọ́n padà lọ, wọ́n fi ọta oníná sun ìlú náà. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ọkùnrin tí Ìkòròdú máa rí bí olùgbàlà ní ọdún méjì sí i, ẹni tó bá wọn jó ìlú ni lójú Ẹ̀pẹ́. Omi kan náà ló gbé e lọ sí ìlú méjèèjì.

Lóṣù Kẹrin ọdún 1863 náà ni ìṣàkóso Èkó bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tí Gómìnà Freeman kò sí nílé. Láti ìgbà yẹn lọ, yálà wọ́n pè é ní adelé, akọ̀wé ìjọba tàbí alábòójútó, òun ni Èkó mọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ló kó Haúsá 18 jọ, ó fún wọn ní ìbọn, ó kọ́ wọn ní ìdúró. Ilé iṣẹ́ ológun Nàìjíríà ti òde òní ń ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí àwọn 18 yẹn. Wọ́n pọ̀ sí i kíákíá, nítorí pé ẹrú Haúsá tó bá ti lè sá láti Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú dé Èkó mọ ibi tó máa lọ. Ó máa di sójà Gólóbà, ẹni tó bá fẹ́ mú un padà sóko ẹrú á kọ́kọ́ wo ìbọn ọwọ́ rẹ̀.

Èmi kò mọ bí a ṣe lè sọ pé èyí kò dára. Ẹni tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n tà, tó wá di òmìnira, tó ń gba owó oṣù! Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó sí ààfin Ìjẹ̀bú tàbí ilé olóyè kan ní Abẹ́òkúta, ojú mìíràn la máa fi wò ó. Ẹrú ni wọ́n fi ń ṣe oko, ẹrú ni wọ́n fi ń ru epo lọ sétí omi. Èkó tó ń sọ pé òun fẹ́ kí ọ̀nà là ni Èkó tó ń gba àwọn tó ń ru ẹrù lórí ọ̀nà náà. Wọ́n ní bí ọ̀nà bá là, ẹrú wa á tán. Wọ́n bá ti ọ̀nà.

Kí ọ̀rọ̀ Ìkòròdú lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀nà ṣe rí nígbà náà. Ìbàdàn ni ìlú ogun tó lágbára jù nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò ní etí omi. Iyọ̀, ẹ̀tù àti ìbọn tó ń lò, Èkó ló ti ń wá. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà: èyí tó gba Abẹ́òkúta, èyí tó gba Ìjẹ̀bú-Òde, àti èyí tó gba Ìkòròdú wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ sókè. Àwọn Ẹ̀gbá di ti àkọ́kọ́ mú, àwọn Ìjẹ̀bú di èkejì mú. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn Rẹ́mọ, òun sì ni kò mọ́ Ìbàdàn lọ́wọ́ rárá.

Nígbà tí Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, ṣùgbọ́n ogun kò tán, ńṣe ló ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, nítorí pé àwọn Rẹ́mọ ti jẹ́ kí Ìbàdàn rí ọ̀nà gbà. Ìlú kékeré-kékeré ló wá di pápá ogun àwọn ìlú ńlá. Ìkòròdú ni ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ láti Èkó, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ sórí. Bí Ẹ̀gbá bá gba Ìkòròdú, Ìbàdàn á máa ra iyọ̀ ní iye tí Ẹ̀gbá bá fẹ́, Èkó á sì máa ra epo ní iye tí Ẹ̀gbá bá fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ogun Ẹ̀gbá ṣe wá pàgọ́ ti Ìkòròdú, tí wọ́n ń fi ìbọn àti ebi bá ìlú náà jà.

Kì í ṣe ọmọ ogun yẹpẹrẹ o. Ọdún tó ṣáájú, ní oṣù Kẹta 1864, àwọn Ẹ̀gbá yìí kan náà ló lé ogun Dàhòmì padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì lé wọn gan-an. Àwọn míṣọ́nnárì ń yìn wọ́n. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹ̀gbá jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ilé ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ wà ní Abẹ́òkúta, àwọn Sàró tó kàwé sì pọ̀ níbẹ̀. Ta ló máa rò pé Gẹ̀ẹ́sì máa tìtorí Ìkòròdú kọ ojú ìbọn sí Ẹ̀gbá?

Glover rán sí wọn pé kí wọ́n kó ogun wọn kúrò. Wọn kò kúrò. Ó tún rán sí wọn, ó dá ọjọ́ fún wọn. Wọn kò gbà pé ó máa ṣe é. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1865, sójà láti Èkó gúnlẹ̀, wọ́n sì kọjú sí àgọ́ Ẹ̀gbá. Wọn kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n wá bá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọta oníná, èyí tó ń fò pẹ̀lú iná àti ariwo, tó sì ń jó ibi tó bá bọ́ sí. Ogun tí àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ jà kọ́ nìyẹn. Ìjà náà kò pẹ́ rárá, àgọ́ fọ́, àwọn Ẹ̀gbá sá gba ọ̀nà ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo máa ń rò. Àwọn sójà tó dáwọ́ jọ lé Ẹ̀gbá ní Ìkòròdú, ta ni wọ́n? Apá kan jẹ́ ọmọ ogun West India Regiment, àwọn adúláwọ̀ láti erékùṣù Karibíà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba etíkun wa kọjá. Apá kejì jẹ́ Haúsá Gólóbà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ẹrú rí nínú oko wa. Ẹni tó rán wọn jẹ́ òyìnbó tí ìbọn ará Burma ti fọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ohun tó kó gbogbo wọn jọ sẹ́yìn odi Ìkòròdú kò ju pé ta ló máa di ọ̀nà iyọ̀ àti epo mú.

Ìkòròdú bọ́ lọ́wọ́ ebi, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ọmọ Ìkòròdú tó bá sọ pé Glover gba ìlú òun là kò purọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Glover rán ọmọ ogun rẹ̀ kan, Kápútéènì Maxwell, pé kó la igbó lọ sí Ìbàdàn. Míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti há sí ìlú yẹn láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, tí ìyà oúnjẹ ń jẹ wọ́n, tí ara ìyá náà kò sì le mọ́. Maxwell dé lóru, ó ní wákàtí díẹ̀ ló wà fún ìyá náà láti dira. Wọ́n gbé e gba inú igbó, wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ kí ogun Ìjẹ̀bú má bàa rí wọn, títí wọ́n fi gbé e dé ibi omi.

Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá kò gbàgbé. Wọn kò lè gbàgbé. Ní ọdún yẹn náà ni àwọn Sàró ní Abẹ́òkúta, tí G. W. Johnson ṣáájú wọn, dá ìgbìmọ̀ ìjọba sílẹ̀ fún Ẹ̀gbá láti lè máa bá Èkó sọ̀rọ̀ bí ìlú sí ìlú. Míṣọ́nnárì Henry Townsend, tó ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta, gbà pé Glover ni aṣebi. Glover kò sì tọ́jú ọgbẹ́ náà. Ó fi ọlọ́pàá Èkó sí ibi kan lórí ilẹ̀ òkè omi tí Ẹ̀gbá kà sí tiwọn. Òun sọ pé ó ń dáàbò bo àwọn oníṣòwò ni. Ẹ̀gbá sọ pé bí wọ́n ṣe gba Èkó nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Bí mo ti ń ka ìtàn náà, Ẹ̀gbá ló rí ọjọ́ iwájú ju Glover lọ.

Oṣù Kẹwàá ọdún 1867 ló bú gbàmù. Wọ́n fọ́ ilé ìjọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó ẹrù àwọn onígbàgbọ́, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Àwọn àgbà ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ní Ìfọ́lé. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tẹ̀ lé àwọn òyìnbó wá sí Èkó, wọn kò ní ibi tí wọ́n máa sùn. Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Ọwọ́ ayàwòrán ilẹ̀ rẹ̀ hàn níbẹ̀: ó la òpópónà gbọọrọ, èyí gba ìbú kọjá èyí tó gba òró, ó pín ilẹ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n fún wọn. Ẹni tó bá rìn ní Èbúté-Mẹ́ta lónìí, tó ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àdúgbò yìí tọ́ tóyẹn nígbà tí ibi tó kù rí wọ́gọwọ̀gọ, ìdáhùn nìyẹn. Àgọ́ Ẹ̀gbá ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó lé Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú ló kọ́ ilé fún Ẹ̀gbá ní Èbúté-Mẹ́ta.

Ní Erékùṣù náà, ó tún Marina ṣe, ó la òpópónà. Ó ń gbọ́ ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ó ń jókòó ti àwọn àgbà, ẹnikẹ́ni lè wá bá a. Àwọn oníṣòwò bíi Táíwò Olówó di ọ̀rẹ́ rẹ̀, agbára Táíwò sì gbilẹ̀ lábẹ́ òjìji rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn Ọba Dòsùnmú kò fẹ́ràn èyí. Ọba kan ti wà ní ìlú, kí la fẹ́ fi ọba Gólóbà ṣe? Ìlú pín sí méjì lórí rẹ̀, ìpín yẹn kò sì tètè tán.

Nígbà tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò yé ti ọ̀nà, ó wá ọ̀nà mìíràn gba apá ìlà-oòrùn. Ó rán oníṣẹ́ gba ọ̀sà kọjá Ẹ̀pẹ́ lọ sí ilẹ̀ Oǹdó. Ìjà abẹ́lé ti tú Òde-Oǹdó ká fún ọdún púpọ̀ nígbà náà. Glover bá wọn dá sí i, títí tí wọ́n fi padà sí ìlú wọn ní nǹkan bí 1872. Ọ̀nà Oǹdó là, ẹrù Ìbàdàn àti ti Èkìtì rí ibi gbà, àwọn Haúsá tó ń sá fún ẹrú náà sì rí ibi gbà.

Ṣùgbọ́n láti 1866, abẹ́ Sàró ni wọ́n fi ìjọba Èkó sí, àwọn gómìnà tó wà ní Freetown kò sì fẹ́ràn adelé tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jagun ọ̀nà. Nílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ìgbìmọ̀ aṣòfin ti sọ ní 1865 pé kí wọ́n má fi ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́ ní etíkun yìí. Ní 1872, John Pope Hennessy wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bí gómìnà àgbà. Glover fẹ́ fi agbára mú Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà. Hennessy gbọ́ ti Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ó sì gbà pé Glover gan-an ni ìdènà. Wọ́n mú un kúrò. Kòsọ́kọ́ kú ní ọdún yẹn náà. Ọ̀nà kò tìtorí pé Glover lọ ṣí fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹrú tó ń sá wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tún padà wá sí etíkun wa. Gẹ̀ẹ́sì ń bá Aṣánti jagun, wọ́n ní kí Glover kó ogun jọ ní apá odò Volta kó lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ó wá mú àwọn Haúsá rẹ̀ ní Èkó, àwọn ọmọ Yorùbá náà sì tẹ̀ lé e. Nínú igbó yẹn, ó rán Kápútéènì Sartorius àti ogún ọkùnrin ṣáájú. Àwọn wọ̀nyí gba àárín Kúmásì kọjá láìrí ẹni kan, nítorí pé Wolseley ti sun ìlú náà, ó sì ti yípadà. Glover wọ Kúmásì ní oṣù Kejì ọdún 1874. Ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọbabìnrin fi oyè Sir dá a lọ́lá.

Ìyókù ayé rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fẹ́ Elizabeth Rosetta Scott ní 1876, wọ́n sì fi í ṣe gómìnà Newfoundland, erékùṣù ẹja àti yìnyín tó wà ní apá ìlà-oòrùn Kánádà. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Leeward ní Karibíà ní 1881, ó tún padà sí Newfoundland ní 1883. Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Glovertown títí dòní. Mo máa ń fi ojú inú wo ẹni tó ti fẹsẹ̀ rin Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èkó nínú oòrùn ọ̀gẹ̀rẹ̀, kó wá jókòó sídìí iná nínú òtútù yẹn. London ló kú sí, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1885, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ìyàwó rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀ sí ìwé ní 1897. Ìwé ìyàwó fún ọkọ ni, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ àṣekágbá rí i pé òun ka ti Samuel Johnson mọ́ ọn, kó sì gbọ́ ti Ẹ̀gbá pẹ̀lú.

Nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé Èkó, àwọn ará ìlú dá owó jọ láti kọ́ gbọ̀ngàn kan sí orúkọ rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní orílẹ̀-èdè yìí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Àwọn èèyàn sanwó, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ń wo àwòrán tó ń rìn lára ògiri. Bóyá àgbàlagbà Haúsá kan wà nínú wọn tó mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà, tó sì rántí bí òun ṣe dé Èkó.